Wọ́n Kọ Àǹtí Tegwen Mọ́ Ẹrù Ibùdókọ̀

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹta ọdún yìí, Àǹtí Tegwen Bebb kú sórí àga nínú yàrá tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Pont-y-Defaid. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni. Ìkòkò tíì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣì gbóná, nítorí fìlà òwú tó hun fún un wà lórí rẹ̀. Ó ti ti géètì tó dábùú títì, ó ti gbá pèpéle, ó ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe sílẹ̀ de ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ó wá jókòó, ó sì lọ.

Haydn Pask tó ń wa ọkọ̀ náà juwọ́ sí i láti ojú fèrèsé, bó ṣe máa ń ṣe láti ọdún mọ́kànlélógún. Àǹtí Tegwen kò juwọ́ padà. Ọkàn Haydn kò balẹ̀ mọ́. Nígbà tó dé ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé tiwa, ó sọ̀kalẹ̀, ó pe Rhydwen Pugh lórí fóònù. Rhydwen ni káfíńtà wa, òun ló ń kan pósí, òun náà ló sì ń darí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Haydn ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Àǹtí Tegwen. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún wọn.” Rhydwen gbéra, ó lọ sí ibùdókọ̀ láti lọ bá a bẹ̀bẹ̀. Báyìí la ṣe mọ̀.

Mo fi èyí ṣáájú kí ẹ lè rí i pé awakọ̀ kan kò lè gbádùn ara rẹ̀ nítorí pé wọn kò juwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan péré. Ilé iṣẹ́ rélùwéè tí Àǹtí Tegwen sìn fún ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ńkọ́? Àwọn kọ lẹ́tà. Màá dé orí lẹ́tà náà. Ẹ jẹ́ kí n máa bínú díẹ̀díẹ̀, nítorí bí mo bá bínú tán lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò ní lè kọ ìyókù.

Ibùdókọ̀ wa kì í ṣe ibi ńlá. Pèpéle kan, yàrá kan, géètì kan, ó parí. Ó lé ní àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, ọ̀gágun kan tó ni gbogbo ilẹ̀ àdúgbò yìí sọ pé òun ò ní jẹ́ kí irin gba orí ilẹ̀ òun kọjá, àfi bí ọkọ̀ bá máa dúró nígbàkúùgbà tí òun bá nawọ́ sí i. Wọ́n gbà fún un. Títí di òní, ọkọ̀ kì í dúró ní Pont-y-Defaid àfi bí ènìyàn bá dúró sórí pèpéle tó sì nawọ́. Ọ̀gágun náà kò wọ ọkọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé rẹ̀. Ó kàn gbádùn kó máa dá a dúró ni.

Afárá Àgùntàn ni ìtumọ̀ orúkọ ìlú wa. Ará England tí wọ́n rán wá kọ orúkọ náà sára pátákó kò gbọ́ èdè wa, ó sì kọ Pont-y-Diafol, ìyẹn Afárá Sátánì. Àádọ́rùn-ún ọdún ni pátákó náà fi wà bẹ́ẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò a máa di Bíbélì wọn mú bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ wa. Pásítọ̀ mẹ́fà ló kọ̀wé fẹjọ́ sùn, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Èsì kan náà ni ilé iṣẹ́ fún gbogbo wọn: pátákó náà kò tíì gbó. Nígbà tí Tegwen pé ọmọ ogún ọdún, tó ti lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, ó mú ọ̀dà, ó gun àkàbà ní ọ̀sán gangan, ó sì tún orúkọ náà kọ. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ kọ̀wé pé àwọn ti wá ṣàyẹ̀wò, àwọn kò sì rí àṣìṣe kankan lára pátákó, kí àwọn ará ìlú yéé da àwọn láàmú.

Irú àwọn ènìyàn tí à ń bá wí nìyẹn.

Nígbà tí Tegwen di ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, àṣẹ dé pé kí wọ́n kó gbogbo òṣìṣẹ́ kúrò ní àwọn ibùdókọ̀ kéékèèké. Lẹ́tà ìdágbére yóò lọ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹrù tó bá wà níbẹ̀ yóò dúró. Akọ̀wé kan wá láti kọ orúkọ ẹrù wa sínú ìwé. Òjò ń rọ̀, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa. Ó kọ bẹ́ǹṣì kan, àtùpà méjì, korobá omi ìpaná kan. Ó kọjú sí ohun tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, tó fi kóòtù bo orí nítorí òjò, ó béèrè pé kí ni orúkọ èyí. Tegwen ní, “Bebb.” Ó kọ ọ́ sílẹ̀: Bebb, ẹyọ kan. Ó kọjá sí aago ara ògiri.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ tí lẹ́tà ìdágbére kò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ta ló ń kọ lẹ́tà ìdágbére sí korobá? Orúkọ rẹ̀ ti kúrò nínú ìwé òṣìṣẹ́, ó ti bọ́ sínú ìwé ẹrù. Àwọn ará ìlú ní kó lọ ṣàlàyé fún wọn. Ó ní bí òun bá ṣàlàyé, ta ni yóò ṣí géètì? Ó ní adìyẹ àti ọgbà lẹ́yìn ilé, kì í sì í ṣe ẹni tó ń jẹun púpọ̀. Ọ̀rọ̀ owó oṣù, òun fúnra rẹ̀ kò bá wọn fà á, nítorí náà èmi náà ò ní fà á. Ohun tó ń bí mi nínú ju owó lọ.

Ní gbogbo oṣù kẹwàá, wolé-wolé ilé iṣẹ́ a máa wá pẹ̀lú ìwé náà láti mọ̀ bóyá ẹrù pé. Láti ogún ọdún sẹ́yìn, Ọ̀gbẹ́ni Lanyon ni wọ́n ń rán, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tó máa ń fi pẹ́ńsù há etí. Mo wà níbẹ̀ lọ́dún kan, mo sì fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ó fi àmì sí bẹ́ǹṣì, ó fi sí korobá, ó wá yíjú.

“Bebb ńkọ́?”

“Bebb rèé,” ni Àǹtí Tegwen wí, ó ń da tíì fún un.

“Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?”

“Ó ń ṣiṣẹ́ o, àfi orúnkún tó ń dún.”

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, agolo epo kan dé láti olú ilé iṣẹ́, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn pé kí wọ́n fi pa Bebb níbi tó ti ń dún, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àǹtí Tegwen fi pa géètì. Ó ní òun kò rí epo tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọdún mìíràn, wọ́n pàṣẹ pé gbogbo ẹrù ibùdókọ̀ gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ ewé. Àwọn ọlọ́dà méjì wá, wọ́n kun bẹ́ǹṣì, wọ́n kun korobá, wọ́n wá dúró síwájú Àǹtí Tegwen, wọ́n ń wo ìwé, wọ́n ń wo búrọ́ọ̀ṣì, ojú ń tì wọ́n. Ó ní kí wọ́n mú sùúrù. Ó wọlé lọ, ó jáde nínú kóòtù aláwọ̀ ewé ìyá rẹ̀ tó ti kú. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi àmì síwèé. Láti ọjọ́ náà, kóòtù yẹn ló ń wọ̀ ní gbogbo oṣù kẹwàá, kí ìdààmú má baà bá ẹnikẹ́ni.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín sí i fún ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, a ń fi ṣàwàdà níbi ìgbéyàwó. Ṣé ẹnìkan nínú wa kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ pé ènìyàn ni obìnrin yìí? Mo ń béèrè ni o.

Nítorí ènìyàn ni. Lọ́dún tí yìnyín dí ọ̀nà mọ́tò fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, nínú yàrá rẹ̀ ni ìyàwó olùkọ́ bí ìbejì sí, òun ló sì nawọ́ dá ọkọ̀ dúró tí dókítà fi bọ́ sílẹ̀. Ní òwúrọ̀ tí mo fẹ́ lọ ṣe ìdánwò tó gbé mi dé yunifásítì, mo sùn gbàgbé. Mo ń sáré bọ̀ láti orí òkè, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́, mo sì rí i pé ọkọ̀ ti wọlé. Àǹtí Tegwen kò bẹ awakọ̀ pé kó dúró dè mí, òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó gbé ìgò jáàmù méjì jáde, ó ní kó bá òun tọ́ wọn wò, kó sọ èyí tó dùn jù. Awakọ̀ ní èyí àkọ́kọ́ ni. Ó ní kó tún tọ́ ọ wò kó lè dá a lójú. Nígbà tí mo fi débẹ̀, jáàmù ti dé imú awakọ̀, ó ṣì ń jiyàn. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni Àǹtí sọ fún mi pé inú ìkòkò kan náà ni òun ti bu méjèèjì.

Ẹni tí wọ́n kọ mọ́ korobá nìyẹn.

Ó ti sọ fún Rhydwen pé bí òun bá kú, kí wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin gbé òun lọ sí Aberhelyg, níbi tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sùn sí. Rhydwen kọ̀wé sí ilé iṣẹ́, ó sọ fún wọn pé ó ti kú, ó sì tọrọ ààyè. Lẹ́tà méjì dé lọ́jọ́ kan náà, láìsí orúkọ ọmọ ènìyàn kankan nísàlẹ̀ wọn. Èkíní sọ pé àwọn gbọ́ pé ẹrù kan tó ń jẹ́ Bebb kò sí ní àyè rẹ̀ mọ́, kí àwọn ará ìlú ṣàlàyé ẹni tó fún wọn láṣẹ láti gbé e kúrò. Èkejì sọ pé pósí lè wọ ọkọ̀, níbi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí, ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé òfin: èrò tó bá fẹ́ wọkọ̀ ní Pont-y-Defaid gbọ́dọ̀ nawọ́ kedere kí awakọ̀ rí i.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ béèrè ẹni tó gbé Bebb. Ikú ni. Ẹ kọ̀wé sí i. Bóyá yóò tètè dá yín lóhùn ju bí ẹ ti ń dá wa lóhùn lọ.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, gbogbo wa wà lórí pèpéle, àwa méjìlélọ́gọ́ta, pẹ̀lú ajá mẹ́rin. Òjò ń rọ̀. Ọkùnrin mẹ́fà ru pósí. Àwa yòókù, ìwé orin ní ọwọ́ kan, agboòrùn ní ọwọ́ kejì. Bí ọkọ̀ ti yọ láti ìdí òkè, Rhydwen dá orin sílẹ̀, a sì gbè é tagbáratagbára. Ọkọ̀ ń bọ̀. A ń kọrin. Kì í ṣe Haydn ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àlejò awakọ̀ kan ni. Ó rí ẹgbẹ́ akọrin, ó rò pé òun là ń kọrin fún. Ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba fún wa tẹ̀ríntẹ̀rín, ó sì kọjá lọ.

Kò sẹ́ni tó nawọ́.

A dúró síbẹ̀, à ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìyàwó Rhydwen ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Rhydwen, ṣé ìwọ ni ò nawọ́ ni?” Rhydwen ní orin lòun ń darí, ó ní òun rò pé àwọn tó gbé pósí ni. Àwọn tó gbé pósí ní ọwọ́ wo? Ọ̀rọ̀ ń lọ lẹ́nu báyìí, ojú wa wá ń là díẹ̀díẹ̀. Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tó ti nawọ́ dá ọkọ̀ dúró rí ní ibùdókọ̀ yìí. Láti ìgbà tí a ti dáyé, Àǹtí Tegwen ló ń bá wa nawọ́. A kàn máa ń dé, ọkọ̀ a sì dúró. A rò pé bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ máa ń ṣe ni.

Mo fẹ́ na ìka sí ilé iṣẹ́, màá sì nà án. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i sí àyà ara mi.

Wákàtí méjì àti ààbọ̀ la fi dúró de ọkọ̀ tó kàn. A gbé pósí sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, a po tíì, a kọ gbogbo orin tó wà nínú ìwé, a kọ ti ìkórè, a kọ ti Kérésìmesì. Nígbà tí ọkọ̀ kejì yọ, ọwọ́ tí a nà kò níye. Àwọn kan na méjèèjì. Ìyàwó Rhydwen na agboòrùn. Haydn ló ń wa ọkọ̀ yìí. Ó rò pé afárá ti wó, ó sì tẹ bíréèkì débi pé ọkọ̀ dúró ní igba ìṣísẹ̀ sí wa. Ó bọ́ sílẹ̀, ó rìn wá nínú òjò. Nígbà tó rí pósí, ó yọ fìlà rẹ̀. Ó ní, “Ẹ mú wọn wá, a ti pẹ́. Wọn ò fẹ́ràn kí n máa pẹ́.”

Ọkùnrin kan láti England ti gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí àyè pósí. Kò mọ̀ wá rí. Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà lé itan ara rẹ̀ títí a fi dé Aberhelyg, ó tẹ̀ lé wa dé itẹ́ òkú, ó sì sunkún ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, àfi ìgbà tí oṣù kẹwàá dé, tí Ọ̀gbẹ́ni Lanyon sì yọ pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Ó fi àmì sí bẹ́ǹṣì. Ó fi sí korobá. Ó fi ìka kan ìlà tó kàn nínú ìwé. Ó sọ fún mi láìwojú mi pé olú ilé iṣẹ́ ti wá Bebb mìíràn títí, wọn ò rí èyí tó bá a mu, àti pé ibùdókọ̀ tí ẹrù rẹ̀ kò bá pé tó bá fi di ìparí oṣù kejìlá, títì ni wọ́n máa tì í.

Inú ló wá bí mi tán pátápátá. Mo bi í léèrè bóyá ó tilẹ̀ mọ̀ pé ènìyàn ni. Mo ní, “Ogún ọdún lẹ fi mu tíì wọn, ẹ̀yin ọ̀gbẹ́ni yìí!”

Ó yọ pẹ́ńsù létí. Ó ní, “Mo mọ̀. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ̀. Bí mo bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ènìyàn ni wọ́n, ilé iṣẹ́ á lé wọn lọ lọ́jọ́ kejì. Ẹrù nìkan ni wọn kì í lé.”

Mo da tíì fún un. Ẹ wo irú ilé iṣẹ́ tí olóòótọ́ ènìyàn ti ní láti sọ obìnrin di korobá kí wọ́n má baà gba ìjókòó lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé ìwé ẹ̀hónú ìlú wa yìí, tí gbogbo àwa tí a wà níbi ìsìnkú ti buwọ́ lù, síwájú rẹ̀, mo ní bó bá mọ̀ lóòótọ́, kó buwọ́ lù ú. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ òun lè bá a lọ. Ó buwọ́ lù ú. Orúkọ rẹ̀ ni ìkẹtàlélọ́gọ́ta.

Ohun tí a ń béèrè kò ṣòro. Ẹ yọ Tegwen Bebb kúrò nínú ìwé ẹrù, ẹ dá a padà sínú ìwé òṣìṣẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, kí ẹni tó bá kọ ọ́ síbẹ̀ sì fi orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ sí i nísàlẹ̀. Ẹ sọ fún wa, lójú ayé, ẹni tó ka orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn korobá lọ́dọọdún ní olú ilé iṣẹ́ láìbi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹ má sì fọwọ́ kan ibùdókọ̀ wa. Bí èsì kò bá dé kí oṣù yìí tó parí, ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, àwa tí a buwọ́ lùwé yóò wọkọ̀ wá sí ọ́fíìsì yín, ẹni tó kéré jù nínú wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹni tó dàgbà jù jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ẹ gbé àga sílẹ̀. Bí ọ̀gá àgbà kò bá sí nílé, a máa jókòó dè é.